Ta ní ń jẹ sẹ́ẹ̀lì? Òjé, ọ́síjìn àti gbólóhùn tí a fi ń ṣàlàyé májèlé

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí òjé àti àwọn irin mìíràn tó ní oró ṣe ń ba sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn jẹ́, kí a sì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi sọ ọ́ wò. Iṣẹ́ méjèèjì so kọ́ra. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kò lè yan ọ̀rọ̀ tó yẹ fún un. Ẹni tó bá sì yan ọ̀rọ̀ tí kò yẹ lè mú kí olùgbọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí kò yẹ.

Láti Akparé, ìlú àwọn Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé lórílẹ̀-èdè Tógò, ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ifè tí à ń sọ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè tó bá Yorùbá tan, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni a fi ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé. Nítorí náà, orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ fún ìbàjẹ́ yìí ni «stress oxydant», èyí tó sì mọ̀ fún àwọn ohun tó ń fà á ni «métaux lourds». Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó ṣàlàyé, ó di dandan kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi kọ àwọn àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń sọ Ifè tàbí ẹ̀ka-èdè mìíràn lè dán wọn wò nínú tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀: tìróò. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ màíkírógíráàmù 13 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Tìróò tí wọ́n ń lé sí i lójú ni wọ́n bá ní ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn náà jáde ní ọdún 2012: nínú tìróò yẹn, òjé jẹ́ ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe gbogbo tìróò ló ní òjé nínú, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Orúkọ náà kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: kò sí ohun kan nínú «tìróò» tó sọ fún ìyá ọmọ pé òjé ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò lè pani lára.

2. Ṣé wíwúwo ni oró?

Bí a bá túmọ̀ «métaux lourds» ní tààrà, «irin wúwo» ni yóò jẹ́. Àbùkù méjì ló wà lára rẹ̀. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀-orúkọ «irin» ń ṣe. Ó jẹ́ orúkọ fún irin gan-an, èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. A tún ń lò ó fún gbogbo ẹbí tí òjé, bàbà, fàdákà àti wúrà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ «irin wúwo» lójijì lè rò pé owú alágbẹ̀dẹ ni à ń wí.

Èkejì ló tóbi jù: wíwúwo kọ́ ló ń pani. Bí a bá gé oríṣiríṣi irin sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan náà, wúrà yóò wọn gíráàmù 19.3, òjé yóò wọn 11.3, bàbà 8.96, cadmium 8.65. Ọmọ lè fi yẹtí wúrà sí etí títí yóò fi dàgbà láìsí ewu, bẹ́ẹ̀ wúrà ló wúwo jù nínú wọn. Arsenic, tí gbogbo ayé mọ̀ sí májèlé, kò ju 5.7 lọ, irin gan-an wúwo jù ú lọ, arsenic kò tilẹ̀ jẹ́ irin tán. Fún ìdí èyí, «irin olóró» ni a óò máa lò níhìn-ín. Ó sọ ohun tí a fẹ́ sọ, kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ sí ìdí òṣùwọ̀n.

3. Ohun tí ọ́síjìn ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì

Kí a tó dé orí òjé, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ara bá dá. Sẹ́ẹ̀lì ń jó oúnjẹ láti rí agbára, ọ́síjìn tí à ń mí sínú ló sì fi ń jó o. Nínú àwọn yàrá kéékèèké tí à ń pè ní mitochondria, a ń yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára oúnjẹ, a sì ń fi í fúnni láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù sí ara wọn níbi ilé kíkọ́. Ọ́síjìn ló dúró sí ìparí ìlà. Bí ó bá gba iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yẹ, ó di omi, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù máa ń já bọ́. Nígbà mìíràn, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló máa ń bọ́ sọ́wọ́ ọ́síjìn kí àkókò tó tó. Superoxide ni orúkọ ohun tó ń tibẹ̀ jáde. Méjì-méjì ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fẹ́ràn láti máa wà. Èyí tó bá dá wà ń wá ẹnìkejì, ohun tó gbé e sì di jàgídíjàgan. Èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara olúkúlùkù wa lójoojúmọ́, àìsàn kọ́.

Ìdí tí kì í fi di àìsàn ni pé ara ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ kìíní ni superoxide dismutase, tí Joe McCord àti Irwin Fridovich ṣàwárí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1969. Ó ń sọ superoxide di hydrogen peroxide, ohun kan náà tí wọ́n ń bu omi là tí wọ́n sì ń tà ní ilé oògùn ní Lomé bí «eau oxygénée» fún fífọ ojú egbò. Ẹ̀ṣọ́ kejì àti ẹ̀kẹta, catalase àti glutathione peroxidase, ń sọ ìyẹn di omi. Ọ̀kan tó kẹ́yìn yìí kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó nílò glutathione, ohun kékeré kan tó ní imí-ọjọ́ láàárín rẹ̀. Imí-ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ tí glutathione fi ń fúnni ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Kí ẹ jọ̀wọ́ rántí ọwọ́ yìí, nítorí òun ni òjé ń wá.

Bí hydrogen peroxide bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó sì pàdé irin tó wà ní àlàlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ohun tó burú jù lọ nínú ẹbí yìí ló ń bí: hydroxyl. Ìpàdé irin àti hydrogen peroxide yìí ni Henry Fenton kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1894. Hydroxyl kì í rìn jìnnà. Ohun tó bá kọ́kọ́ kàn ló ń jà lólè. Bí ó bá ja ọ̀rá ara awọ sẹ́ẹ̀lì lólè, ọ̀rá náà yóò ja aládùúgbò rẹ̀ lólè, aládùúgbò yóò ja ẹlòmíràn, títí awọ náà yóò fi máa jò. Bí ó bá kan DNA, àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé lè yí padà. Bí ó bá kan purotéènì, iṣẹ́ purotéènì náà lè dúró.

Ìlera, nígbà náà, kì í ṣe àìsí olè. Pé ẹ̀ṣọ́ ká olè ni. Nígbà tí olè bá borí ẹ̀ṣọ́ ni a ń sọ̀rọ̀ «stress oxydant», orúkọ tó gbilẹ̀ lẹ́yìn ìwé tí Helmut Sies ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1985.

4. Ohun tí òjé ń ṣe gan-an

Ibi tí àlàyé sábà máa ń ṣìnà nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òjé fúnra rẹ̀ ló ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà. Irin àti bàbà lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń fúnni. Òjé kì í ṣe é nínú ara. Bí ó ṣe wọlé ló ṣe ń wà. Ohun tó ń ṣe yàtọ̀.

Òjé fẹ́ràn imí-ọjọ́. Tìróò olójé gan-an jẹ́ ẹ̀rí: òjé àti imí-ọjọ́ tó so pọ̀ nínú òkúta ni. Nígbà tí òjé bá dé inú sẹ́ẹ̀lì, ó tún ń wá imí-ọjọ́ kiri, ó sì ń rí i lára àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó di ọwọ́ glutathione mú, glutathione kò sì lè fúnni ní nǹkan kan mọ́. Ó tún ń fara mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn, ó sì ń dín agbára wọn kù.

Ohun kejì tó ń ṣe wà nínú iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan wà tí à ń pè ní ALAD, tó ń kópa nínú ṣíṣe apá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé ọ́síjìn. Síǹkì ló jókòó láàárín rẹ̀, imí-ọjọ́ ló sì gbà á mọ́ra. Òjé ń lé síǹkì dìde, ó ń gba ìjókòó rẹ̀, iṣẹ́ sì dúró. Ohun èlò tí ALAD ìbá lò wá ń gbárajọ bí iṣu tí kò rí ẹni gún un. Ohun èlò náà, bí ó bá pọ̀ jù, ń fún ọ́síjìn ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, superoxide sì ń pọ̀ sí i. Nípa báyìí, òjé ń dín ẹ̀ṣọ́ kù lápá kan, ó ń jẹ́ kí olè pọ̀ sí i lápá kejì, láìjẹ́ pé òun gan-an jalè.

Àwọn àgbà sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ọ́síjìn ni aláǹgbá. Ó ti wà nínú ọgbà tipẹ́. Òjé ló la ògiri.

Mẹ́kúrì ń ṣe bí òjé, àfi pé ìfẹ́ tirẹ̀ sí imí-ọjọ́ àti sí selenium, èyí tí glutathione peroxidase nílò, tún le jù. Cadmium náà kì í jalè fúnra rẹ̀: ó ń di ọwọ́ glutathione mú, ó sì ń lé irin kúrò níbi tí ara so ó mọ́, kí irin tó di aláìnílé yìí lè lọ pàdé hydrogen peroxide bí Fenton ti wí. Ọ̀rọ̀ cadmium kò jìnnà sí wa ní Tógò. Fọ́sífétì tí wọ́n ń wà ní Hahotoé àti Kpogamé ní cadmium nínú. Ní Kpémé, létí òkun, ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, àwọn onímọ̀ sì ti rí cadmium nínú ẹrẹ̀ etíkun ibẹ̀. Inú kíndìnrín ni cadmium ń fi ṣe ilé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó yẹ kí a fi kún un pé èyí nìkan kọ́ ni ibi tí òjé ń ṣe. Ó jọ kálísíọ́mù lójú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ó ń da iṣẹ́ ọpọlọ ọmọdé rú, ó sì ń wọ inú egungun. Lára àgbàlagbà, ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún òjé ara ló wà nínú egungun, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ kó máa padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

5. Olùwà gbólóhùn

A ti wá lè béèrè ìbéèrè onímọ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń ṣe jù lọ nínú Yorùbá ni ti irin tó dógùn-ún. Àfiwé lásán kọ́: ọ́síjìn ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Irin náà ti dógùn-ún.
(2) Ìpáàrà ti jẹ irin náà.
(3) Omi ló mú kí ìpáàrà jẹ irin náà.

Ní (1), ọ̀rọ̀-ìṣe kò gba àbọ̀. Irin ni olùwà, kò sì sí ẹni tí a lè mú. Ní (2), «jẹ» gba àbọ̀, ìpáàrà di ajẹnirun, bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà. Ní (3), «mú kí» pín iṣẹ́ sí méjì: omi ló fà á, ìpáàrà ló jẹ ẹ́. Irú gbólóhùn kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ òjé nílò. Ẹ wá fi wé àwọn wọ̀nyí:

(4) Òjé ń fún sẹ́ẹ̀lì ní másùnmáwo.
(5) Òjé ń jẹ sẹ́ẹ̀lì.
(6) Ọ́síjìn ń jẹ sẹ́ẹ̀lì.
(7) Òjé ń dí àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, ọ́síjìn sì ń jẹ sẹ́ẹ̀lì.

Gbólóhùn (4) tẹ̀ lé «stress» lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìdààmú ọkàn ni olùgbọ́ yóò gbọ́, nítorí òun ni a ń pè ní másùnmáwo. Gbólóhùn (5) dá òjé lẹ́bi, ó sì dára fún ìkìlọ̀ kúkúrú, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí ara fi ń bàjẹ́. Gbólóhùn (6) tọ̀nà ní ti ẹni tó ń jẹ, ó sì bá òwe mu pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n òjé ti pòórá nínú rẹ̀.

Gbólóhùn (7) ló pé. Ẹ kíyè sí «dí lọ́wọ́». A ń lò ó lójoojúmọ́ fún ẹni tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a kì í sì í ronú kan ọwọ́ mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ òjé, ìtumọ̀ ojoojúmọ́ àti ìtumọ̀ ọwọ́ gan-an jọ bára mu: òjé dí glutathione lọ́wọ́ nítorí pé ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. A kò ní láti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún un.

Fún ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò dúró fún «stress oxydant», mo dábàá «ìjẹgàba ọ́síjìn». Ẹni tó bá jẹgàba léni lórí kì í ṣe àjèjì dandan. Ó lè ti wà láàárín wa, kó tó di pé kò sí ẹni tó lè dá a dúró mọ́. Ohun tí Sies ń tọ́ka sí nìyẹn: ìwọ̀n tó ti fì sí apá kan, kì í ṣe pé ohun tuntun kan wọlé. Nínú iṣẹ́ èdè-ìperí, tí àwọn onímọ̀ bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ti ṣíwájú wa nínú rẹ̀, a máa ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ṣe kedere, ó sì kúrú. Ó yẹ kí a fi ìbéèrè kẹta kún un níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan ìlera: kí ni ẹni tó gbọ́ ọ yóò lọ ṣe?

6. Kí ni olùgbọ́ yóò ṣe?

Ẹni tó gbọ́ (4) yóò lọ sinmi. Ẹni tó gbọ́ (6) nìkan yóò lọ ra vitamin, tàbí kó mu àgbo tí wọ́n ní ó ń bá ọ́síjìn jà. Ẹ̀fọ́ àti èso dára, oúnjẹ tó ní irin àti kálísíọ́mù sì ń dín òjé tí ìfun ọmọ ń gbà kù. Ṣùgbọ́n bí orísun òjé bá ṣì wà nínú ilé, a kàn ń rán ẹ̀ṣọ́ tuntun wá fún òjé láti dí lọ́wọ́ ni.

Ìrírí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi èyí hàn. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú láti yọ òjé, ọmọdé 18 kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà, ní ọdún 2010, ọmọdé tó lé ní 400 kú. Wúrà ni àwọn òbí wọn ń wá nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nínú ọgbà ilé. Òjé wà nínú òkúta kan náà, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n fún àwọn ọmọ Zamfara, succimer, bá gbólóhùn (7) mu gan-an. Imí-ọjọ́ méjì ló wà lára rẹ̀. Ó ń na ọwọ́ méjì sí òjé, òjé ń dì í mú, wọ́n sì jọ ń bá ìtọ̀ jáde. Síbẹ̀, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières kì í bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní abúlé kan àfi bí wọ́n bá ti kó erùpẹ̀ olójé kúrò níbẹ̀, nítorí ọmọ tí a tọ́jú tó padà sínú eruku náà yóò tún gba òjé mìíràn. Ní Bagega, ọdún 2013 ni ìyẹn tó ṣeé ṣe.

Ẹni tó bá gbọ́ (7) yéké yóò béèrè ibi tí òjé ti ń wọlé. Ní Akparé bí ní ibòmíràn, ìdáhùn rẹ̀ kò le: ẹ má lé tìróò sójú ọmọ ọwọ́, ẹ má yọ́ òjé bátìrì nínú ọgbà ilé tàbí nínú ìkòkò tí a fi ń se ọbẹ̀, kí ẹni tó ń tún bátìrì ṣe wẹ̀, kó sì pààrọ̀ aṣọ, kó tó gbé ọmọ.

7. Ìkádìí

A ti rí i pé òjé, mẹ́kúrì àti cadmium kì í ṣe ajẹnirun fúnra wọn. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń dí lọ́wọ́ kí ọ́síjìn lè jẹgàba. A ti rí i pẹ̀lú pé Yorùbá ní «mú kí», «dí lọ́wọ́» àti «jẹgàba» láti fi pín iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ, tí a kò bá fi ipá mú un tẹ̀ lé «stress» àti «lourd». Ohun tó kù ni kí a dán gbólóhùn (4) dé (7) wò lọ́dọ̀ àwọn olùgbọ́: kí a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ìyá ọlọ́mọ àti àwọn atúnbátìrì-ṣe ní Akparé àti Atakpamé, kí a má bi wọ́n bóyá ó dùn létí, kí a bi wọ́n ohun tí wọn yóò yí padà nínú ilé wọn. Èsì ìbéèrè yẹn ni yóò sọ èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló yẹ kó wọ inú ìwé.